Kí Ni Wọ́n Yí Padà Kẹ́yìn? Ẹ Má Tíì Ra Kábúrétọ̀ Tuntun fún Ìjàpá Yín

Lónìí, mi ò gbé ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ tàbí ti kòkòrò àìrí wá. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni, mọ́tò àtijọ́ pàápàá, èyí tí àwọn bàbá wa sọ lórúkọ Ìjàpá: Volkswagen Beetle. Ẹni tí kò ní mọ́tò, ẹ má sá lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń pariwo lẹ́yìn ilé yín, kábúrétọ̀ wà lára rẹ̀, ó wà lára ọ̀pọ̀ ọ̀kadà náà. Ọ̀rọ̀ yìí sì kan ẹnikẹ́ni tó ti náwó rí lórí àtúnṣe tí kò tún nǹkan kan ṣe.

Alápẹ̀rẹ̀ ni ilé wa wà, ní apá Kétu. Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa á mọ̀ pé téèyàn bá ń lọ sí Akọka, níbi tí mo ti ń kàwé gboyè kejì nínú kẹ́mísírì, títì ńlá tó gba Òwòrónṣòkí lọ sí Third Mainland Bridge ló máa wọ̀. Ibi tí ọ̀nà àdúgbò ti ń já sí títì yẹn kì í ṣe ibi tí mọ́tò ti ń lọ́ra. Danfó wà lẹ́yìn, tírélà ń bọ̀ láti apá Ọjọ́ta. Téèyàn bá ti tẹ tọ́tù, mọ́tò gbọ́dọ̀ gbéra lójú ẹsẹ̀ ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan lọ́dún tó kọjá, èmi ni mo ń wa Ìjàpá bàbá mi, àwọn fúnra wọn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo tẹ tọ́tù. Kàkà kí mọ́tò gbéra, ṣe ló ṣe bí ẹni tí oúnjẹ há sí lọ́fun, ó jákì lẹ́ẹ̀mejì, kó tó wá fò síwájú. Gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ. Ṣùgbọ́n danfó kan ti dé ẹ̀yìn wa kí ìṣẹ́jú àáyá méjì yẹn tó pé. Dírẹ́bà tẹ bíréèkì, taya ké, kọndọ́kítọ̀ yọrí jáde, ó sì bú wa dé ìran kẹta. Bàbá mi ò fèsì. Ìgbà tí a dé Akọka ni wọ́n tó lanu: "Wá ẹni tó máa rà á. Mi ò ní jẹ́ kí mọ́tò yìí pa ọmọ mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an. Ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò pọ̀ ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Badagry, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n tò níbẹ̀ sì ni bàbá bàbá mi rà ní 1979. Òun ló gbé ìyá mi lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nìkan ni kì í ṣe ti ìbẹ̀rẹ̀ mọ́: tòkunbọ̀ ni, 1600, tí kábúrétọ̀ Solex 34 PICT-3 wà lórí rẹ̀. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn, a máa padà sí i.

Àìsàn kan, oníṣègùn mẹ́ta

Kó tó di ọjọ́ danfó yẹn, a ti gbé mọ́tò náà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì mẹ́ta. Èkíní tú kábúrétọ̀, ó fi bẹntiróò fọ̀ ọ́, ó dè é padà. Mọ́tò ṣì ń jákì. Èkejì ní epo ni kò tó o. Ó yọ jẹ́ẹ̀tì, ó fi irin ìlu tín-ín-rín fẹ ojú rẹ̀ kí epo lè pọ̀ sí i. Jíjákì dín kù díẹ̀, ṣùgbọ́n èéfín dúdú bẹ̀rẹ̀, epo sì ń lọ bí omi. Ẹ̀kẹta wo èéfín, ó mi orí, ó ní kábúrétọ̀ ti kú, ká kúkú ṣe upgrade: kábúrétọ̀ méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ká sì fi písítìn tó tóbi sí i. Iye tó pè, owó kẹ́míkà tí mo fẹ́ fi ṣe ìwádìí oṣù mẹ́rin ni. Bẹ́ẹ̀, mo fẹ́ san án o! Mo ti ń yá owó kiri.

Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, koko ló ń le sí i.

Èrò mi rèé, ẹ lè bá mi jiyàn: púpọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní upgrade lórí mọ́tò àtijọ́ jẹ́ àìsàn tuntun tí a fi owó wa rà. Kí a tó fi ohunkóhun kún mọ́tò, ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe é. Ọ̀nà tí a sì fi ń mọ̀ ọ́n kì í ṣe awo. Sáyẹ́ǹsì ni, yálà ẹni tó ń ṣe é ka ìwé tàbí kò kà.

Ohun tí kábúrétọ̀ ń ṣe

Bẹntiróò tó dúró bí omi kò wúlò fún ẹ́ńjìnnì. Ó gbọ́dọ̀ fọ́n wẹ́wẹ́ bí ìrì, kó di afẹ́fẹ́, kó sì dàpọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú, kó tó lè jó tán. Ìwọ̀n tó yẹ ni kìlógíráàmù 1 bẹntiróò sí kìlógíráàmù 14.7 afẹ́fẹ́. Ẹ rò ó bí ẹni tó ń po ògì. Tí omi bá pọ̀ jù, ẹ̀kọ á ṣàn. Tí omi ò bá tó, á ki. Àdàlù tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù ni èmi máa pè ní èyí tó ṣàn, èyí tí epo rẹ̀ pọ̀ jù ni èyí tó ki. Èyí tó ṣàn ń jó lọ́ra, ó sì ń mú kí mọ́tò jákì. Èyí tó ki ń rú èéfín dúdú, ó ń fi èédú bo pulọ́ọ̀gì, ó sì ń tú káábọ̀n mọnọ́sáìdì jáde, afẹ́fẹ́ olóró kan náà tó ń pa àwọn tó gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ilé sùn.

Báwo wá ni irin tí kò ní kọ̀ǹpútà ṣe ń wọn epo sí afẹ́fẹ́? Inú kábúrétọ̀ ní ọ̀fun kan tó fún ní ìbàdí. Ti 34 PICT-3, ìbàdí yẹn fẹ̀ tó milimita 26. Afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà gbọ́dọ̀ sáré kó tó lè rí ibẹ̀ gbà kọjá. Daniel Bernoulli ti kọ ọ́ sínú ìwé ní 1738 pé ibi tí omi tàbí afẹ́fẹ́ bá ti ń sáré, agbára tó fi ń tẹ nǹkan máa ń dín kù níbẹ̀. Orúkọ ará Ítálì kan, Giovanni Battista Venturi, ni wọ́n fi ń pe irú ọ̀fun bẹ́ẹ̀ títí dòní. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀fun náà ni ìkòkò kékeré tó gba epo dúró wà, afẹ́fẹ́ àyíká wa sì ń tẹ orí epo yẹn pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Agbára tó wà lórí epo ju èyí tó wà nínú ọ̀fun lọ, torí náà epo á gba ojú jẹ́ẹ̀tì, á sì tú sínú afẹ́fẹ́ tó ń sáré. Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan: kì í ṣe kábúrétọ̀ ló ń fa epo, afẹ́fẹ́ ìta ló ń tì í. Páàmù fílíìtì tí àwọn ìyá wa fi ń pa ẹ̀fọn láyé ọjọ́un, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe.

Ó rọrùn, ó sì lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n ó ní ìṣòro kan: kábúrétọ̀ ò lójú. Kò rí ohun tó ń jó nínú sílíńdà. Ojú ihò tí wọ́n ti wọ̀n sílẹ̀ nílé-iṣẹ́ ló ń lò, ó sì gba nǹkan mẹ́ta gbọ́ láìwádìí. Ó gbà pé bẹntiróò ni wọ́n bu sínú táǹkì. Ó gbà pé gbogbo afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì, ọ̀fun òun ló gbà kọjá. Ó gbà pé pulọ́ọ̀gì ń ṣẹ́ná lásìkò. Tí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti jẹ́ irọ́, kábúrétọ̀ tó pé pérépéré á máa ṣiṣẹ́ bí èyí tó bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ti àkọ́kọ́. Ṣé ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, nígbà tí ìlà ilé epo gùn bí ejò káàkiri Èkó? NNPC fúnra wọn ló kéde ní oṣù Kejì ọdún yẹn pé mẹtanọ́ọ̀lù tó wà nínú epo kan tí wọ́n kó wọlé ju ìwọ̀n tí Nàìjíríà fọwọ́ sí lọ. Ibi tí ẹ̀kọ́ tèmi ti wúlò nìyí. Ìdajì ìwọ̀n mẹtanọ́ọ̀lù jẹ́ ọ́síjìn: nínú gíráàmù 32, gíráàmù 16 ni ọ́síjìn. Nítorí pé ó ti gbé ọ́síjìn tirẹ̀ dání, kìlógíráàmù 1 rẹ̀ ò nílò ju nǹkan bíi kìlógíráàmù 6.5 afẹ́fẹ́ lọ. Jẹ́ẹ̀tì tí wọ́n wọ̀n fún bẹntiróò ò mọ ìyẹn. Iye tó ti ń tú látẹ̀yìnwá náà ló ń tú, àdàlù wá ń ṣàn. Mẹtanọ́ọ̀lù tún ń fa omi mọ́ra, ó ń mú rọ́bà wú, ó sì ń jẹ irin fúyẹ́ tí wọ́n fi rọ kábúrétọ̀. Mọ́tò òde òní ní ohun tó ń yẹ ọ́síjìn wò nínú èéfín, ó sì lè bu epo kún un dé ìwọ̀n kan. Ìjàpá ò ní in. Nítorí náà, tí mọ́tò tàbí jẹnẹrétọ̀ yín bá bẹ̀rẹ̀ wàhálà lọ́jọ́ kejì tí ẹ ra epo níbi tuntun, ẹ má tíì sáré tú kábúrétọ̀. Epo gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ìṣirò jẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fẹ̀

Kí n tó dé orí méjì tó kù, ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò kékeré hàn yín. Jẹ́ẹ̀tì wa, 127.5 ni wọ́n kọ sí i lára, ìyẹn ni pé ojú rẹ̀ fẹ̀ tó milimita 1.275. Irin tí mẹkáníìkì kejì fi lù ú jẹ́ milimita 1.4. Ó ní, "Díẹ̀ báyìí ni mo kàn fẹ̀ ẹ́." Lóòótọ́, ìyàtọ̀ wọn ò ju nínípọn bébà lọ. Ṣùgbọ́n epo kì í gba ẹ̀gbẹ́ ihò kọjá, gbogbo ojú ihò ló ń gbà. Ojú ihò sì ń tóbi bí a bá ṣe sọ ìbú rẹ̀ di ìlọ́po ara rẹ̀. Ẹ pín 1.4 sí 1.275, kẹ́ ẹ sọ èsì di ìlọ́po ara rẹ̀: ẹ máa rí nǹkan bíi 1.21. "Díẹ̀" yẹn ti fi ààyè ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ó lé díẹ̀ kún ọ̀nà epo! Abájọ tí èéfín fi dúdú. Jẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá sì ti fẹ̀, kò ṣeé dí padà. Tuntun lèèyàn máa rà.

Kí ló dé tí jíjákì fi wá dín kù díẹ̀? Torí pé àdàlù tó ki máa ń bo àwọn àṣìṣe mìíràn mọ́lẹ̀. Ẹni tí eyín ń dùn tó gbé ògógóró mu náà máa ń rò pé ara òun ti yá.

Ìbéèrè Ọ̀gá

Ẹni tó gbà mí sílẹ̀ ni bàbá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré ládùúgbò wa. Wọ́n kọ́ iṣẹ́ Volks lọ́dún FESTAC, 1977. Mo gbé mọ́tò lọ bá wọn pé kí wọ́n bá mi gbé kábúrétọ̀ méjì sí i. Wọn ò tilẹ̀ ṣí ẹ̀yìn mọ́tò. Wọ́n fi mí lọ́kàn balẹ̀, wọ́n fún mi ní bẹ́ńṣì, wọ́n wá bi mí pé, "Kí ni wọ́n yí padà kẹ́yìn, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jákì?"

Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n ní kí n pe bàbá mi. Bàbá mi rò ó títí lórí fóònù, wọ́n ní, "Dísítíríbútọ̀ ni, ẹ jọ̀ọ́. Ti tẹ́lẹ̀ bàjẹ́, wọ́n wá fi tuntun sí i. Wọ́n ní èyí dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, pé irú èyí tí àwọn tó ń fi mọ́tò sáré ìje ń lò ni." Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní kí n lọ wò ó bóyá páìpù rọ́bà kékeré kan so ó mọ́ kábúrétọ̀. Mo lọ wò ó. Kò sí. Wọ́n ti fi sùkúrúù dí ibi tí páìpù yẹn yẹ kó wà.

Ohun tó wú mi lórí ni pé síbẹ̀, wọn ò dájọ́. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mo ti fura, ṣùgbọ́n ìfura kì í ṣe ẹ̀rí." Wọ́n yọ fìlítà afẹ́fẹ́ kúrò lórí ẹ́ńjìnnì tó wà ní pípa, wọ́n ní kí n yọjú wo ọ̀fun kábúrétọ̀, wọ́n fa tọ́tù. Epo tú ṣàà láìdáwọ́ dúró. Ìyẹn ni pé páàmù kékeré tó ń fún ẹ́ńjìnnì lépo nígbà tí a bá tẹ tọ́tù lójijì ń ṣiṣẹ́. Kábúrétọ̀ tí wọ́n ní ó ti kú ò kú rárá.

Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n ṣíná sí mọ́tò, kí n jẹ́ kó máa mí jẹ́ẹ́jẹ́. Wọ́n gbé ike tí wọ́n fi ń fín omi sáṣọ, wọ́n ń fín in díẹ̀díẹ̀ sí ojúpọ̀ àwọn páìpù tó ń gbé àdàlù lọ sí apá ọ̀tún àti apá òsì. Nígbà tí omi kan rọ́bà tó wà lápá òsì, ohùn ẹ́ńjìnnì yí padà lójú ẹsẹ̀. Wọ́n tún un fín, ohùn tún yí padà. Rọ́bà yẹn ti sán nísàlẹ̀, níbi tí ojú ò tó. Afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé láìgba ọ̀fun kábúrétọ̀ kọjá, omi tí wọ́n fín sì ń dí ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ohun kejì tí kábúrétọ̀ gbà gbọ́ láìwádìí nìyẹn, irọ́ sì ni.

Wọ́n pa rọ́bà náà dà, wọ́n dá jẹ́ẹ̀tì 127.5 padà, wọ́n ní kí n gbé mọ́tò lọ yí po. Èéfín dúdú ti lọ, ohùn ẹ́ńjìnnì ti dọ́gba. Ṣùgbọ́n tí mo bá tẹ tọ́tù lójijì, ó ṣì ń jákì. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó kan dísítíríbútọ̀.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ rèé. Pulọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ ṣẹ́ná kí písítìn tó dé òkè, torí iná nílò àsìkò kó tó ràn dé ibi gbogbo. Tí tọ́tù bá ṣí díẹ̀ péré, ohun tó wọ sílíńdà ò pọ̀, iná ń lọ́ra ràn nínú rẹ̀, torí náà pulọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ ṣẹ́ná ṣáájú ìgbà tí ì bá ṣẹ́ ẹ. Iṣẹ́ páìpù rọ́bà yẹn nìyí. Ó so kábúrétọ̀ mọ́ agolo kékeré kan lára dísítíríbútọ̀, awọ rọ́bà wà nínú agolo náà. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń fa afẹ́fẹ́, awọ á fà, á yí dísítíríbútọ̀ díẹ̀, iná á sì tètè ṣẹ́. Irú èyí tí wọ́n fi sí tiwa, tí àwọn oní-Volks ń pè ní 009, ò ní agolo yẹn. Eré tí ẹ́ńjìnnì ń sá nìkan ló ń gbọ́, kò mọ bí tọ́tù ṣe ṣí tó. Kò burú fún iṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún, ìyẹn ẹ́ńjìnnì tó ń sáré lójú kan. Ṣùgbọ́n kábúrétọ̀ 34 PICT-3, dísítíríbútọ̀ alágolo ni wọ́n wọ̀n ọ́n fún. Kó àwọn méjèèjì pọ̀, ìgbà tí ẹsẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kan tọ́tù ni wàhálà á bẹ̀rẹ̀. Àwọn oní-Ìjàpá káàkiri ayé mọ jíjákì yìí dunjú.

Dísítíríbútọ̀ àtijọ́ wa ṣì wà nínú ọ̀rá, nínú bọ́ọ̀tù iwájú. Ọ̀gá ní kí n fi ẹnu fa ibi tí páìpù ń wọ̀ lára agolo rẹ̀: tó bá dáa, ó yẹ kó di ahọ́n mi mú. Afẹ́fẹ́ kàn ń kọjá ni. Awọ ti ya. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá agolo tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀ kí n tó rí i. Nítorí náà, mi ò lè sọ pé ẹni tó fi 009 sí i jẹ́ òmùgọ̀. Ohun tó rí lọ́jà ló lò. Àṣìṣe tó ṣe ni pé ó pè é ní ìtẹ̀síwájú, kò kọ ọ́ síbì kankan, kò sì sọ pé ó lè dá nǹkan mìíràn sílẹ̀.

Nígbà tí agolo wọlé, Ọ̀gá fi àlàfo kọ́ńtáàtì sí milimita 0.4, wọ́n dúró dìgbà tí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá kí wọ́n tó fi ti fáàfù sí milimita 0.15. Gbogbo owó tí mo ná ò tó ìdá kan nínú márùn-ún iye tí wọ́n pè fún upgrade.

Ṣé kí a má ṣe upgrade rárá ni?

Rárá o, mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ń sọ pé ká ṣírò ó kí a tó sanwó. Ẹ wo písítìn tó tóbi tí wọ́n fẹ́ tà fún mi. Ti ẹ́ńjìnnì 1600 fẹ̀ tó milimita 85.5, ẹ́ńjìnnì náà sì gba sẹ́ńtímítà onígun mẹ́ta 1,585. Èyí tí wọ́n ní ká fi sí i, 87 ni, yóò sọ ọ́ di 1,641. Èrè rẹ̀ ò ju 56 lọ, nǹkan bí ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Àmọ́ kí irú písítìn bẹ́ẹ̀ tó lè wọ̀ láì gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, ara sílíńdà rẹ̀ gbọ́dọ̀ tín-ín-rín. Ìjàpá kì í lo omi láti fi tutù, afẹ́fẹ́ fáànù ló gbẹ́kẹ̀ lé. Nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá mú wa lórí afárá oníkìlómítà 11.8 yẹn ní oòrùn ọ̀sán, tí fáànù ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣé sílíńdà tín-ín-rín lẹ fẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé? Kábúrétọ̀ méjì ní agbára lóòótọ́. Àmọ́ àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ máa mí bákan náà, àtúnṣe á sì di ìlọ́po méjì. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Àwọn kan á ní, "Kí ló dé tí ẹ ò kúkú kó kábúrétọ̀ dànù, kẹ́ ẹ gbé injection sí i?" Ọ̀rọ̀ gidi ni. Injection tó ń yẹ èéfín wò lójú, kábúrétọ̀ ò ní. Epo rẹ̀ ń jó tán jù, èéfín rẹ̀ sì mọ́ jù. Ẹni tó bá lówó rẹ̀, tó sì rí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, kó ṣe é. Àmọ́ rọ́bà tó sán á sán lábẹ́ injection náà. Awọ tó ya á ya síbẹ̀. Kò sí upgrade tó lè rọ́pò mímọ ohun tó ń ṣe mọ́tò.

Àwọn èyí tí èmi fara mọ́ kò pariwo: páìpù epo tuntun, fìlítà epo, bíréèkì tó dáa. Ẹ má fojú kéré páìpù epo. Ara ẹ́ńjìnnì Ìjàpá jẹ́ àdàpọ̀ magnẹ́síọ̀mù, tí iná bá sì ràn mọ́ ọn, omi ò lè pa á, ṣe ló máa burú sí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bẹntiróò wá ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé lórí ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́. Omi Ọ̀gá tó iṣẹ́ náà ṣe.

Ìwé pélébé kan

Ọ̀rọ̀ yìí ò mọ lórí ìfẹ́ nǹkan àtijọ́. Kó tó di ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, lítà epo kan ò tó 200 naira l'Ékòó. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500. Ní oṣù Kẹwàá 2024, ó ti súnmọ́ 1,000. Mo wọn ti mọ́tò wa: mo bu epo kún táǹkì dé ẹnu, mo wà á, mo tún bu ú kún dé ẹnu, mo wá fi lítà tó wọlé pín kìlómítà tí mo rìn. Pẹ̀lú jẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lù, kìlómítà 7 ni lítà kan ń gbé wa. Lẹ́yìn iṣẹ́ Ọ̀gá, 10 ni. Lórí kìlómítà 100, ìyàtọ̀ yẹn lé ní lítà 4. Ká ní 900 naira ni lítà kan, ó lé ní 3,800 naira tí à ń sun dànù. Ẹ ò rí i pé "díẹ̀ báyìí" tí wọ́n fẹ̀ yẹn ń jẹ owó yín lójoojúmọ́.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kéré. Ẹ ra ìwé pélébé kan, kẹ́ ẹ fi sínú mọ́tò tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀. Ohunkóhun tí wọ́n bá yí padà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ohun tí wọ́n yọ, ohun tí wọ́n fi sí i, iye tí wọ́n kọ sí i lára. Ẹ bẹ mẹkáníìkì yín kó yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ sì dán an wò kí ó tó kan òmíràn. Nílé ìwádìí wa l'Ákọka, ẹni tó bá yí nǹkan mẹ́ta padà lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀jọ̀gbọ́n ò ní gba iṣẹ́ rẹ̀ wọlé, torí kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú wọn. Kí ló dé tí a fi ń gbà á lórí mọ́tò tó ń gbé àwọn òbí wa?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo ti kọ́ Bernoulli lẹ́ẹ̀mejì ní kíláàsì, mo sì gba máàkì. Síbẹ̀, mo fẹ́ yáwó ra kábúrétọ̀ méjì. Ọ̀gá tí kò gbọ́ orúkọ Bernoulli rí ló mọ ìbéèrè tó yẹ kí n bi ara mi. Irú wọn wà ládùúgbò yín náà, wọ́n sì ń dàgbà. Ẹ lọ jókòó tì wọ́n pẹ̀lú ìwé àti bírò, kẹ́ ẹ sì kọ ohun tí wọ́n mọ̀ sílẹ̀ ní èdè tí wọ́n fi sọ ọ́.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, bàbá mi ní àwọn ló máa wà á. Nígbà tí a dé ibi tí ọ̀nà ti ń wọ títì ńlá, wọ́n wo díńgí, wọ́n tẹ tọ́tù. Mọ́tò gbéra. Wọn ò sọ nǹkan kan títí a fi kọjá Òwòrónṣòkí, ìgbà yẹn ni wọ́n ní, "Níbo lo fi ìwé yẹn sí? Kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má yọ agolo yẹn mọ́."